Imú Kan, Ọgbà Mẹ́ta

Bí ẹ bá dé Ìkẹ́nnẹ́ lónìí tí ẹ béèrè Onílé-Mẹ́ta, wọ́n á júwe àbúrò mi fún yín. Wọ́n rò pé orúkọ ìyìn ni. Èmi tí mo jẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kí ẹ bi. N óò sọ fún yín pé ọdún mọ́kànlá gbáko ni Onílé-Mẹ́ta fi gbé nínú yàrá méjì tó háyà, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù tó ti ń ta táyà nítòsí Íńtáṣéńjì Ṣàgámù. Ilé mẹ́ta, kò sí ọ̀kan tó ní òrùlé. Ògiri ló ní, kì í ṣe ilé. Àmọ́ ta ni yóò pe èèyàn ní Ológiri-Mẹ́ta?

Lásúnkànmí ni orúkọ rẹ̀. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi jù ú lọ, èmi ni mo sì pọ̀n ọ́n, nítorí náà mo lè sọ̀rọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù mí. Kì í ṣe ọ̀lẹ o. Kí ẹnikẹ́ni má gbọ́ ohun tí n kò sọ. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà nídìí táyà, kì í mutí, kì í lé obìnrin. Àìsàn tirẹ̀ ni pé kò lè fi ohun kan sílẹ̀ kó mú ohun kan. Láti kékeré ni. Bí a bá bu oúnjẹ fún un, ojú rẹ̀ á wà nínú abọ́ tèmi àti nínú ìkòkò tó kù lórí iná, títí tirẹ̀ á fi tutù níwájú rẹ̀.

Ti Ìkẹ́nnẹ́ ló kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí bàbá wa fún un: yàrá mẹ́ta àti pálọ̀. Nígbà tí ògiri dé ojú fèrèsé, ilẹ̀ kan yọjú nítòsí Íńtáṣéńjì. Ó ní ibẹ̀ ni ọjọ́ ọ̀la àwọn ọmọ òun wà, ó fẹ́ kọ́ ṣọ́ọ̀bù mẹ́fà síbẹ̀. Nígbà tí èyí ga dé orókùn, àwọn àna rẹ̀ ní Akaka fún Títílọpẹ́ ìyàwó rẹ̀ ní ilẹ̀ kan létí oko ọ̀pẹ. Ó ní bí òun kò bá kọ́ nǹkan sí i, àwọn àna òun á rò pé òun kò ka ẹ̀bùn wọn sí. Ẹ rí i pé kò sí ìkankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí kò ní ìdí. Ibi tó ti ń dunni nìyẹn. Bó bá jẹ́ wèrè ló ń kọ́ ilé mẹ́ta, à bá fi rẹ́rìn-ín, ká sì máa bá tiwa lọ.

Bó bá rí nǹkan lọ́dún, á kó búlọ́ọ̀kù díẹ̀ síbí, á da yanrìn díẹ̀ sọ́hùn-ún, á gbé símẹ́ǹtì díẹ̀ lọ sí Akaka. Bí mo bá bá a wí, á rẹ́rìn-ín.

"Àǹtí mi, ẹ fọkàn balẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà."

Ìbẹ́pẹ hù nínú pálọ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́. Ó dàgbà, ó so, àwọn ará àdúgbò ká a jẹ. Imú ẹlẹ́dẹ̀ ṣì ń wọgbà.

Bàbá wa, Ọláníyọnu, káfíńtà òrùlé ni. Kò kan àga rí, kò kan bẹ́ẹ̀dì rí. Àwọn kan ní ìgbéraga ni, torí pé àga ń mú owó wọlé ju òrùlé lọ nígbà ọ̀dọ́ rẹ̀. Ohun tó máa ń sọ ni pé ọwọ́ òun méjèèjì kò ju iṣẹ́ kan lọ. Láàárín Ìkẹ́nnẹ́, Ìpẹ̀rú àti Ìlíṣàn, kò sí àdúgbò tí n kò ti lè nàka sí òrùlé kan kí n ní bàbá mi ló bò ó. Ti ilé tiwa nìkan ló ń jò, àmọ́ ẹ mọ bí ilé káfíńtà ṣe máa ń rí.

Ó ní àṣà kan. Kí wọ́n tó gbé igi tó máa wà ní téńté òrùlé gòkè, á ní kí wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ fún òun. Á yọ pẹ́ńsù tó fi há etí, á kọ orúkọ ẹni tó ni ilé sára igi náà, á kọ ọjọ́ tí iṣẹ́ bọ́ sí, á wá kọ ọ̀rọ̀ méjì sábẹ́ rẹ̀: Ó bò. Páànù á bo igi náà mọ́lẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí ohun tó kọ mọ́ títí ilé á fi wó. Mo bi í nígbà kan pé ta ló wá ń kọ ọ́ fún. Ó ní igi lòun ń kọ ọ́ fún, kó má bàa gbàgbé ẹni tó ń bò.

Lọ́jọ́ tí wọ́n bá kan páànù ìkẹyìn, á dìde dúró lórí òrùlé, á pariwo, "Ó bò o!" Onílé tó wà nílẹ̀ á dáhùn, "Ó bò mí o!" Nínú gbogbo káfíńtà agbègbè wa, òun nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo ti rí àgbà ọkùnrin tó sunkún níbi ìdáhùn yẹn, tó ń fi etí agbádá nu ojú, tó ní eruku ló kó sí òun lójú.

Ọdún tí Lásúnkànmí gbẹ́ ìpìlẹ̀ ti Ìkẹ́nnẹ́ ni bàbá wa lọ sí ibi tí wọ́n ti ń la igi ní Ṣàgámù. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣa ìrókò kan tó gùn, tó sì tọ́. Ó gbé e wálé, ó tẹ́ ẹ sórí búlọ́ọ̀kù ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, ó ń fi òróró tó ń lé ikán pa á lọ́dọọdún. Kò kọ nǹkan kan sí i. Ó ní ọjọ́ tó bá ń gòkè ni. Igi náà gùn débi pé ó dí ẹnu ọ̀nà yàrá bàbá fúnra rẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ ga kọjá. Gbogbo wa la ti fi ojúgun gbá a, àfi òun.

Lẹ́yìn ọdún tuntun, ní ọdún 2024, mo ṣàkíyèsí pé bí bàbá bá ń bu omi, ẹ̀gbẹ́ kọ́ọ̀bù ló ń dà á sí. Mo mú un lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ṣàgámù. Dókítà ibẹ̀, ọmọbìnrin kan tó ní sùúrù, fi iná wo ojú rẹ̀ títí. Ó ní omi inú ojú ló ń ti iṣan tí a fi ń ríran. Ojú òsì ti lọ, ọ̀tún náà ń lọ. Oògùn tí òun máa fún wa á dá a dúró díẹ̀ ni, kò ní dá èyí tó ti lọ padà.

Bàbá bi í ní ẹyọ ìbéèrè kan. "Ìgbà wo?"

Ó ní òun kì í ṣe Ọlọ́run. Àmọ́ bó bá jẹ́ pé bàbá òun ni, òun á ní ohunkóhun tí wọ́n bá fẹ́ rí, kí wọ́n tètè rí i lọ́dún yìí.

Bàbá dìde, ó dé fìlà rẹ̀. "Rẹ̀mí, ká yà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ."

Ọ̀rọ̀ Rẹ́mọ tó jinlẹ̀ ni bàbá mi ń sọ o. Bí mo ṣe fi ọdún márùndínlógójì kọ́ ọmọ ilé ìwé láti máa kọ Yorùbá ni mo ṣe ń kọ tirẹ̀ síbí, kí ẹni tí kì í ṣe ará ilé wa lè gbọ́. Bó bá jẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ gbọ́ ohun tí mo fi sí i lẹ́nu, á bínú sí mi.

A bá Lásúnkànmí láàárín táyà, fóònù kan ní etí ọ̀tún, ìkejì ní etí òsì. Ó ń bá bíríkìlà Akaka sọ̀rọ̀ lórí ọ̀kan, ó ń bá oníyanrìn sọ̀rọ̀ lórí ìkejì. Bó ti rí bàbá, ó kó méjèèjì sápò, ó dọ̀bálẹ̀. Bàbá jókòó sórí táyà kan. Ariwo tírélà ń kọjá, a dúró dè é.

"Mo fẹ́ bo ilé rẹ fún ọ," ni bàbá wí. "Mo fẹ́ fi ojú mi rí i. Dókítà ní ọdún yìí ni mo ní."

Lásúnkànmí wò mí. Mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Bàbá, ẹ máa bò ó. Gbogbo wọn lẹ máa bò. Mo ti ń ṣètò páànù. Ẹ mọ̀ pé díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ . . ."

"Dákẹ́." Bàbá kò pariwo. "Lóòótọ́ ló ń wọgbà. Ọgbà mélòó?"

"Ẹ̀n, Bàbá?"

"Mo bi ọ́ ni. Ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n fi pa òwe yẹn, ọgbà mélòó ló ń ti imú bọ̀? Ọgbà kan ni. Ó dúró sójú kan. Ó ti imú bọ ọ́ lónìí, ó ti imú bọ ọ́ lọ́la, títí orí fi wọlé, tí ara tẹ̀ lé e. Èyí tó bá ń ti imú bọ ọgbà mẹ́ta, ìta ni wọ́n ti máa pa á jẹ."

Lásúnkànmí fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rí i rín. Ó ní, "Bàbá, ṣé ti Ìkẹ́nnẹ́ ni kí n mú?"

"Ṣé mo dárúkọ Ìkẹ́nnẹ́? Mú èyí tó wù ọ́. Bó bá jẹ́ ti Akaka, n óò gun ọ̀kadà lọ síbẹ̀. Bó bá jẹ́ ṣọ́ọ̀bù, n óò bo ṣọ́ọ̀bù. Mú ọ̀kan ṣáá."

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo ti rò pé nítorí igi ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni, pé ìrókò yẹn ni kò fẹ́ kó ṣòfò. Arúgbó náà kò bìkítà ilé wo ni. Ohun tó ń fẹ́ ni kí ọmọ rẹ̀ wà lábẹ́ òrùlé kan tí òun fọwọ́ ara òun kàn, kí òun sì rí i kí ilẹ̀ tó ṣú sí òun lójú. Ohun kan péré ló béèrè lọ́wọ́ wa láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú.

"Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, Bàbá," ni Lásúnkànmí wí. "Mo ṣèlérí."

Nínú oṣù Máàṣì ló ránṣẹ́ pé páànù ti dé, kí bàbá kó irinṣẹ́ wá sí ti Ìkẹ́nnẹ́ ní Sátidé. Kí n tó jí lọ́jọ́ náà, bàbá ti wọ kakí iṣẹ́ rẹ̀, ó ti pọ́n ayùn, ó ti fi ọ̀bẹ gbẹ́ ẹnu pẹ́ńsù, ó fi há etí. Ó ti ránṣẹ́ pe Wàsíù, ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ tí òun náà ti hewú báyìí, tó ní ọmọ iṣẹ́ tirẹ̀. Ó ń kọrin ìjọsìn lábẹ́ ètè. Ọjọ́ pẹ́ tí mo ti gbọ́ irú orin bẹ́ẹ̀ lẹ́nu rẹ̀.

Bí a ti dé ibi ilé náà, mo rí páànù tí wọ́n tò sábẹ́ ìbẹ́pẹ. Kò pọ̀. Bàbá tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ ba, ó fi àtàǹpàkò ka etí wọn láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí olùkọ́ ṣe ń ka ìwé ọmọ kíláàsì.

"Yàrá kan ni èyí máa bò," ó wí. "Ibo ni ìyókù wà?"

Ojú Lásúnkànmí ń dán. Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ nípa rẹ̀: ó rò pé òun ti tẹ́ gbogbo ayé lọ́rùn. "Mo pín in ni, Bàbá. Yàrá kan níbí, ṣọ́ọ̀bù méjì ní Íńtáṣéńjì, yàrá kan ní Akaka. Ibi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lẹ máa fi ọwọ́ yín bò lẹ́ẹ̀kan náà. Kò ní sí èyí tó máa dà bí ẹni pé a pa á tì."

Wàsíù wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Bàbá wo òkè níbi tó yẹ kí òrùlé wà.

"Yàrá kan kì í ní igi téńté," ó wí. Ó yíjú sí Wàsíù. "Bá mi gbé àpótí irinṣẹ́ mi."

Ó ń lọ, Wàsíù tẹ̀ lé e. Èmi dúró, mo sì sọ fún àbúrò mi ní ọ̀rọ̀ tí kò yẹ kó jáde lẹ́nu olùkọ́, ẹ̀rí ọkàn kò jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Ó ní, "Àǹtí, ẹ ṣáà dárúkọ rẹ̀ fún mi. Èwo ni kí n pa nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta? Ṣé ti àwọn ọmọ mi ni? Àbí ti ìyá Títílọpẹ́ tó ti sọ fún gbogbo Akaka pé àna òun ń kọ́lé? Ẹ dárúkọ ọ̀kan."

N kò lè dárúkọ ọ̀kan. Mo yí padà, mo bá bàbá lọ. Títí di òní, ó ń dùn mí pé n kò dáhùn.

Òjò bẹ̀rẹ̀, ó rọ̀ kárakára lọ́dún náà. Mo ń kán oògùn sójú bàbá láàárọ̀ àti lálẹ́. Kò dárúkọ ilé mọ́. Ní ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì, ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ó bi mí pé kí ló dé tí n kò tíì ṣí fèrèsé. Fèrèsé ti wà ní ṣíṣí láti àárọ̀. Oòrùn ń ta sí i lójú.

Rẹ̀mílẹ́kún ni wọ́n sọ mí, nítorí ọmọ méjì tó kú ṣáájú mi. Ẹkún àwọn òbí mi ni mo wá rẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, mo wọ kíṣìnnì lọ, mo sunkún tèmi, kò sì sẹ́ni tó rẹ̀ mí.

Lásúnkànmí wá lẹ́yìn ìsìn ní ọjọ́ Àìkú kejì. Mo ti sọ fún un lórí fóònù, àmọ́ gbígbọ́ kì í ṣe rírí. Ó dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kí wa pẹ̀lẹ́. Bàbá tó wà nínú yàrá gbọ́ ohùn rẹ̀. Ó sáré dìde, ó ń pe orúkọ rẹ̀, ó ń bọ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń gbé ẹsẹ̀ kọjá igi yẹn láìwo ilẹ̀. A kò mọ̀ pé ojú tí kò wo ilẹ̀ yẹn náà ló ń ṣọ́ ọ. Ó fi ojúgun gbá ìrókò náà, ó sì ṣubú lulẹ̀ gbàà. Pẹ́ńsù etí rẹ̀ fò lọ sábẹ́ àga. Ẹ̀jẹ̀ ń ṣàn lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

Èmi ni mo sáré lọ bu omi. Nígbà tí mo padà, Lásúnkànmí ti jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó di ẹsẹ̀ bàbá mú lórí itan rẹ̀. Fóònù ń dún nínú àpò rẹ̀, ó ń dún, kò wò ó.

"Igi rẹ ló gbá mi," ni bàbá wí. Ó fẹ́ fi ṣe ẹ̀fẹ̀. "Dídùbúlẹ̀ ti sú u."

Lásúnkànmí bú sẹ́kún. Ọkùnrin tó lé ní àádọ́ta ọdún ni o. Bàbá ń wá orí rẹ̀ pẹ̀lú ọwọ́, ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan ògiri kó tó rí i.

Lọ́jọ́ kejì, Lásúnkànmí gbé ọkọ̀ lọ sí Akaka, ó tú páànù tí káfíńtà mìíràn ti bá a kàn síbẹ̀, ó kó o. Ó ṣe bẹ́ẹ̀ ní Íńtáṣéńjì. Ó ta ilẹ̀ Íńtáṣéńjì pẹ̀lú ògiri orí rẹ̀, ó fi ra páànù tó kù. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ fún ìyá ìyàwó rẹ̀, ìyá àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Ojúọlá, ó ní kí wọ́n má bínú, kí wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ sórí ilẹ̀ náà, òun kò ní lè kọ́ ọ mọ́. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìyá náà kò fi dá a lóhùn. Títílọpẹ́ náà fa ojú ro sí i. Ó fara dà á. Ní òru ọjọ́ tó tú páànù Akaka, kò rí oorun sùn, ohun tó sì sọ nígbà tó pè mí láàárọ̀ kò ju gbólóhùn kan lọ.

"Àǹtí, mo ti mú ọ̀kan."

N kò bú u. N kò yìn ín. Inú mi dùn, inú sì ń bí mi, nítorí mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ jù.

Nínú oṣù Òkìtóbà, Wàsíù kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá. Wọ́n gé ìbẹ́pẹ inú pálọ̀. Ọkùnrin mẹ́fà ló gbé ìrókò náà jáde kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Bí wọ́n ti gbé e tán, ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà fẹ̀ lójú mi bí ilé ẹni tó kú. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ níwájú ilé tuntun, Lásúnkànmí sì fa bàbá lọ́wọ́ dé ìdí rẹ̀.

Bàbá kúnlẹ̀. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ ra igi náà láti ìdí dé orí, ó ń mi orí sí i pé ó dára, kò wọ́, ikán kò jẹ ẹ́. Ó wá na ọwọ́ sí etí, ó yọ pẹ́ńsù. Pẹ́ńsù tó ṣubú lọ́jọ́ tí òun náà ṣubú ni. Èmi ni mo mú un lábẹ́ àga tí mo fi fún un padà. N kò wo ẹnu rẹ̀. Ta ló máa ń wo ẹnu pẹ́ńsù?

Ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ọ́. Ó ń fi ọwọ́ òsì wọn ibi tí lẹ́tà kan parí kó tó bẹ̀rẹ̀ èkejì. L. Á. S. Ú. Mo dúró lẹ́yìn èjìká rẹ̀, mo sì rí i pé kò sí nǹkan kan lára igi náà. Ẹnu pẹ́ńsù ti kán wọnú. Pákó rẹ̀ lásán ló ń yọ̀ lórí ìrókò tó le. Ó kọ orúkọ náà tán, ó kọ ọjọ́, ó kọ Ó bò, igi náà sì mọ́ bíi pé kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Gbogbo wa la rí i. Wàsíù la ẹnu, Lásúnkànmí gbé ọwọ́ sókè sí i pé kó má sọ̀rọ̀.

Bàbá gbé ojú sókè. "Ṣé ó hàn?"

Lásúnkànmí sọ ọwọ́ kalẹ̀, ó tẹ̀ ba síbi igi náà.

"Ó hàn, Bàbá," ni Lásúnkànmí wí.

"Ṣé ó tọ́?"

"Ó tọ́ gan-an ni."

Bàbá fi pẹ́ńsù há etí. "Ó dáa. Ẹ gbé e lọ sókè."

Ọjọ́ mẹ́ta ni iṣẹ́ náà gbà. Lásúnkànmí kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Òun ló ń gbé páànù fún wọn, òun ló ń na ìṣó sí wọn, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́. Bàbá jókòó lórí àga lábẹ́ igi máńgòrò, ó ń tẹ́tí. Nígbà tí wọ́n kan páànù ìkẹyìn, Wàsíù dìde dúró lókè, kò pariwo. Ó ń dúró de ọ̀gá rẹ̀. Bàbá dìde. Ó gbé ojú sókè, àmọ́ kò kọjú sí ilé. Ibi tí kò sí nǹkan kan, àfi ewé máńgòrò, ló kọjú sí.

"Ó bò o!"

"Ó bò mí o," ni àbúrò mi dáhùn. Ohùn rẹ̀ kò jáde dáadáa. Bàbá ní kó tún un ṣe, ó sì tún un ṣe.

Òjò ìkẹyìn ọdún náà rọ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn. Gbogbo wa kóra jọ sínú pálọ̀ tí kò tíì ní ilẹ̀kùn. Títílọpẹ́ náà wà níbẹ̀, ó ti ń tú ojú ká díẹ̀. Bàbá gbé etí sókè, ó ń gbọ́ bí òjò ṣe ń lu páànù. Ó ní, "Wàsíù, ìṣó kan kò jinlẹ̀ lápá ọ̀tún, ìkẹta láti etí." Wọ́n gun òkè láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ìkẹta láti etí gan-an ni.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì yẹn náà ni mo jókòó tì í ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, mò ń gé èékánná fún un. Mo gé ọwọ́ kan tán.

"Rẹ̀mí. Àbúrò rẹ rò pé n kò mọ ìró pẹ́ńsù."

Ọ̀bẹ èékánná dúró lọ́wọ́ mi.

"Ọgọ́ta ọdún ni mo fi kọ̀wé sára igi," ó wí. "Pẹ́ńsù tó ń kọ máa ń sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Èyí tó ti kán máa ń ha igi ni. Láti orí lẹ́tà àkọ́kọ́ ni mo ti gbọ́ ọ."

"Bàbá, kí ló dé tí ẹ kò dúró? Ẹ̀ bá ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ."

"Mo fẹ́ gbọ́ ohun tí yóò sọ." Ó na ọwọ́ kejì sí mi. "Láti gbogbo ọdún wọ̀nyí wá, bó bá ń bá mi sọ̀rọ̀, mo máa ń gbọ́ Akaka nínú ohùn rẹ̀, mo máa ń gbọ́ Íńtáṣéńjì. Lọ́jọ́ yẹn, tó ní ó hàn, èmi nìkan ló wà nínú ohùn rẹ̀. Irọ́ ló pa fún mi. Ó dùn mọ́ mi. Má sọ fún un."

Mo gé èékánná tó kù. Mo gé e díẹ̀díẹ̀, nítorí n kò ríran dáadáa mọ́ nínú omijé.

N kò tíì sọ fún un. Mo kọ ọ́ síbí torí mo mọ̀ pé kò ní kà á dé ìparí. Ìwà yẹn ló kù lára rẹ̀: bó bá ṣí ìwé mẹ́ta, kì í parí ọ̀kan. Òun àti Títílọpẹ́ àti àwọn ọmọ ti kó wọ ilé Ìkẹ́nnẹ́. Bàbá ń gbé lọ́dọ̀ wọn, ní yàrá tó sún mọ́ pálọ̀, níbi tó ti ń gbọ́ òjò dáadáa. Ìrókò náà wà lókè lórí wọn. Kò sí orúkọ kankan lára rẹ̀, ó sì ń bo àbúrò mi.